Ohun Tí Orin Màmá Brescia Ń Sọ Gan-an

Orin tí ìyá ìyá mi fi kọ ọkọ wọn sílẹ̀ ni ìdílé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì wa fi yẹ́ ọkọ náà sí níwájú pósí wọn.

Mo sọ ọ́ ní ṣókí báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Mo sọ ọ́ kí pósí tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ ọ́ nígbà tí pósí wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún sọ ọ́ nígbà tí a dé cimitero, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fi okùn sọ pósí náà kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Èsì tí mo gbà kò yí padà: "Ní sùúrù, Màmá ti sùn." Màmá ti sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó sùn, ojú wọn sì là rekete nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní Padova, níbí ní Ítálì. Ara ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ hàn. Torí náà, mi ò ní í tètè dé orí ẹ̀sùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá mi àgbà hàn yín ná.

Sìdíkátù ni bàbá wọn sọ wọ́n ní Ìwó. Dọ́kásì ni wọ́n ń jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣèrìbọmi. Àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n ní Màmá Brescia, torí pé Brescia ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà kan tí kò jìnnà sí metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ wọn, bàbá tó bí ìyá mi, ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Torino. Láti kékeré ni mo ti rò pé orúkọ ìkẹ́ ni. Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é láàárín ara wa: obìnrin kì í la orúkọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí, orúkọ àkọ́bí ló máa fi pè é. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni àkọ́bí wọn, "Bàbá Káyọ̀dé" ló sì yẹ kí Màmá máa pe ọkọ wọn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. "Bàbá Torino" ni, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará àdúgbò kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

"Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ la ń fi ọmọ pè. Ẹni tó bá lọ jókòó ti Torino, Torino la ó fi pè é."

Bí ọ̀rọ̀ Torino ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ tí Bàbá ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ irin ní Brescia bọ́. Wọ́n ní àwọn ti rí òmíràn ní Torino, àwọn á máa wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìparí ọ̀sẹ̀ di ìparí oṣù, ìparí oṣù di Kérésì. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n dì í sínú kúlà, wọ́n fa ìyá mi, tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́, wọ́n sì wọ treno, ọkọ̀ ojú irin, lọ sí Torino. Ìyá mi ló sọ ìtàn yìí fún mi, torí Màmá kì í sọ ìtàn tó bá máa jẹ́ kí èèyàn káàánú wọn.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tẹ agogo. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Màmá, ó wo ìyá mi, ó rí i pé ojú ọmọ tí Màmá fà lọ́wọ́ àti ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn òun, ojú kan náà ni. Bàbá wà níbi iṣẹ́. Ìyá mi ní òun ń retí kí Màmá figbe ta kí gbogbo ilé jáde. Màmá gbé kúlà náà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ gbà. Ẹ tètè gbé e kaná kó má baà kan." Wọ́n sì yíjú padà.

Nínú treno, ìyá mi ń sunkún. Ó ní kí ló dé tí Màmá gbé ọbẹ̀ àwọn fún un. Màmá fi etí ìborùn wọn nu imú fún un.

"Ọbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí," ni wọ́n wí.

Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Wọ́n mọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, wọn kì í sì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan na ẹlòmíràn. Bí mo bá ní kí n jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ẹ̀kọ́ wọn ni.

Gbogbo ọjọ́ ni Màmá fi ń sọ Italian níbi iṣẹ́. Badante ni wọ́n, wọ́n ń tọ́jú signora arúgbó kan tí kò lè dá rìn mọ́. Bí wọ́n bá ti wọ ilé wọn báyìí, Italian parí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà lẹ́yìn ilé-ìwé, torí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ ni ìyá mi ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Èmi á wọlé, màá ju báàgì sílẹ̀: "Nonna, ho fame!"

Màmá á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á bẹ abẹ́ tábìlì wò. "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹnì kan wọlé ni?"

"Màmá, ebi ń pa mí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tèmí mi ti dé! Àjèjì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibí kọjá, ó ń wá nonna rẹ̀ kiri."

Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí mi, mo ní kí ló dé tí wọn ò lè dá mi lóhùn bí nonna, ìyá àgbà, àwọn ọmọ tó kù. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n jókòó tì mí.

"Mo ti ta gbogbo Italian mi fún signora láti àárọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù nígbá yìí, tìrẹ ni."

Ẹnu ọ̀nà Emine dojú kọ tiwọn. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì ni, ó kéré sí Màmá díẹ̀, ó sì ń ránṣọ. Fèrèsé ilé ìdáná méjèèjì dojú kọra lókè àgbàlá, ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ gbọ́ orin rẹ̀. Emine a máa dín ìkàn, a sì máa kọrin kan náà ṣáá. Ohùn orin náà tutù, a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, a sì wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní orin ìyìn ni. Màmá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bí ẹsẹ orin bá ti parí, Emine á fi ṣíbí gbá etí páànù gbàà! Wọ́n fara dà á títí, nígbà tó yá, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn.

"Signora," Màmá bi í, "ta ni?"

"Ta ni ta ni?"

"Ẹni tí ẹ̀ ń bá wí nínú orin yẹn."

Wọ́n ní Emine wo àwọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ọkọ rẹ̀ ló wà ní Jámánì pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé Yorùbá á mọ ohun tí Màmá mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó tí ọkọ bá ṣẹ̀ lè má bá a tahùn síra. Ó lè máa lọ ata, ó lè máa gbálẹ̀, kó fi orin òwe sí i. Kò dárúkọ ẹnì kan. Bí ọkọ bá ní, "Ṣé èmi lò ń bú?", á ní, "Háà, orin ni mò ń kọ! Àbí orin ti di ẹ̀ṣẹ̀ nílé yìí?" Gbogbo ilé mọ ẹni tí ó ń bá wí, ọkọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tó máa dì í mú. Mo bi Màmá léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ nígbà tí wọn ò gbọ́ èdè Tọ́kì.

"Orin òwe ò lédè," ni wọ́n wí. "Wo bí obìnrin ṣe di ṣíbí mú, o máa mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Emine kọ́ wọn ní orin náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó ń fi Italian tirẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, Màmá sì ń fi Italian tiwọn gbà á. Tí Italian bá tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe é: wọ́n á di ẹrù, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé ife. Màmá wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìyá àgbà kan ló hun ún, mo fi Italian sọ ìtumọ̀ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Padova tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní bó ṣe wà ní èdè Tọ́kì gan-an nìyẹn, òun ò mọ̀ pé ó lè bọ́ sínú Yorùbá kó ṣì korò tó báyẹn.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ ọ̀rẹ́ náà. Àwọn ìyá kan wá sílé láti wá bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín tán kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọ́n ní kò dáa kí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí máa jẹun nínú àwo kan náà.

"Ẹ̀yin ìyá," Màmá dáhùn, "Ráímì ni bàbá mi ń jẹ́. Àwo rẹ̀ ni mo jẹun nínú rẹ̀ títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ṣé kí n padà lọ pọ oúnjẹ yẹn ni?"

Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ò sọ̀rọ̀ bàbá wọn. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo.

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé òun lẹ̀ ń bú."

Ó ti tó kí n sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpàdé ìlàjà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ohun kan tí màá fi rántí ìyá ìyá mi, ọjọ́ yẹn ni.

Ilé kejì Bàbá tú ká ní Torino. Ara wọn ò sì le tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Pásítọ̀, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì mú wọn wá sí ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n gbé báàgì wọn dání. Èmi ni mò ń gbé omi fún àlejò, mo sì rí i pé Màmá mú ife tí a fi ń gbé omi fún àlejò, òun ni wọ́n ní kí n gbé fún Bàbá.

"Dọ́kásì, mo ti dé," ni Bàbá wí.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀nà yẹn mà jìn! Torino sí Brescia! Àwọn tó lọ sí Améríkà ti lọ, wọ́n ti bọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àgbà kan, ó yára gbé e mì. Pásítọ̀ wúkọ́. "Mọ́mì, ohun tí Ọlọ́run bá so ṣọ̀kan…"

"Ẹ jẹun ná, Pásítọ̀. Iyán ò mọ ìpàdé, ó ń tutù lọ."

Wọ́n jẹun. Wọ́n wàásù. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́ ọrùn láti ọmọdé, tí wọ́n ń retí kí bàbá yẹn wálé, kúnlẹ̀, wọ́n bẹ ìyá wọn. Ojú mi ń wo Màmá. Ìgbà tí wọ́n ní kí Màmá fèsì, Màmá tún ìró wọn ró, wọ́n jókòó gbọọrọ, wọ́n wo Bàbá lójú, wọ́n sì kọ orin Tọ́kì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò yára. Wọn ò fo ẹsẹ kan. Emine wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Orin parí. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Halelúyà! Ìyá ti dárí jì!" Bàbá ń nu ojú. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin, ní, "Mọ́mì, irú orin wo nìyẹn? Ohùn rẹ̀ dùn jọjọ!"

"Èsì tí mo ní fún bàbá yín ni."

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Bàbá gbé báàgì, wọ́n kọrí sí ìyẹ̀wù. Màmá ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbóhùn sókè rárá.

"Bàbá Torino, ó pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Ìdáríjì ò ní bẹ́ẹ̀dì."

Ilé Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ni Bàbá sùn, wọ́n sì padà sí Torino. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó lè ní òun ò mọ̀ pé Màmá kọ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ nígbà náà ni pé orin yẹn gan-an ni ìkọ̀ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ wá. Orin kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa. Ìbáà ṣe ohùn ìpolówó ọjà, ìbáà ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń kọ ní pápá bọ́ọ̀lù, a ti Jésù sí i láàárín, ó di ìyìn. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé mú ohùn orin Màmá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i: "Ìfẹ́ rẹ kì í yẹ̀, o mú mi padà bọ̀ wálé." Ẹgbẹ́ akọrin kọ́ ọ. Ó sì gbayì! Bí tọkọtaya kan bá ń dúpẹ́ ọdún ìgbéyàwó, orin yẹn ni wọ́n máa ń jó wọlé. Bàbá náà, bí wọ́n bá wá fún àpéjọ, á jó o, á máa ju áńkáṣífù sókè. Màmá á wà lórí ìjókòó wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sí i, ojú wọn á máa dán.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹni tí mò ń bá wí ló ń jó sí i yẹn. Kí ni mo tún ń wá lọ sí Sókótó?"

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn tí mò ń fẹ̀sùn kàn máa dì mú. Wọ́n á ní Màmá fúnra wọn gbà á láàyè. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbà á. Ẹni tó ni ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ló fi ẹnu ara wọn fòpin sí ẹ̀fẹ̀ náà, ojú èmi, ojú ìyá mi, ojú Emine àti ojú Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ló sì ṣe.

Nílé ìwòsàn ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oòrùn ń ràn wọ yàrá. Màmá ní ká gbé àwọn dìde jókòó.

"Mo ti fi orin yẹn ṣe eré tó. Mo ní ẹnu nígbà yẹn, ìgbà tó bá wù mí ni mo lè là á yé wọn. Òkú ò lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sin mí, kí Emine kọ ọ́ bó ṣe wà. Kí Tèmí dìde, kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, kí tọmọdé tàgbà gbọ́. Mo kọ ọkùnrin yẹn. Ẹ má sin mí bí ìyàwó rẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé di ọwọ́ wọn mú. "Mọ́mì, a ti gbọ́."

Màmá wò wọ́n títí.

"Gbígbọ́ kọ́ ni mo ní kí o ṣe, Káyọ̀dé."

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé nílé wọn. Pásítọ̀ wà níbẹ̀. Mo sọ ìtumọ̀ orin náà fún àwọn méjèèjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sí àìmọ̀ mọ́. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé gbé orí lé ọwọ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀.

"Tèmí, Mọ́mì ti lọ. Bàbá mi ṣì wà láyé. Ta ni kí n dójú tì nínú àwọn méjèèjì?"

Ìbéèrè tó wúwo ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tí ẹ ṣèlérí fún kọ́ ló yẹ kí ẹ dójú tì."

Pásítọ̀ dá sí i. Wọ́n ní Mùsùlùmí ò lè fi èdè tí a ò gbọ́ kọrin níwájú pẹpẹ.

"Pásítọ̀, orin náà lẹ ti ń kọ níwájú pẹpẹ láti ọjọ́ yìí."

"Tiwa ti di mímọ́."

Bí èmi ṣe jáde nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìjókòó olókùú tó wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, Bàbá Torino ni wọ́n fi sí i, nínú aṣọ funfun, bí ọkọ. Emine wọlé, olùtọ́jú èrò ní kò sí àyè, ó ní kó dúró lẹ́yìn, nídìí ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí. Àyè wà. Mo fi ojú mi rí ìjókòó tó ṣófo. Lẹ́yìn ìwàásù, ẹni tó ń darí ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ jẹ́ kí a fi orin tí Mọ́mì fi gba Bàbá padà yẹ́ Bàbá sí!" Ẹgbẹ́ akọrin dìde. Bàbá dìde. Wọ́n ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé orí pósí, omijé ń dà lójú wọn.

Mo dìde. Olùtọ́jú èrò náà gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ìsìnkú jẹ́."

"Èmi kọ́ ni mò ń bà á jẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn fún mi."

Ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wo Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé mi orí pé rárá. Ìyá mi, tó jókòó tì mí, fa aṣọ mi: "Jókòó, Tèmí." Mi ò jókòó, ṣùgbọ́n ohùn mi ò lè ga ju ohùn ẹgbẹ́ akọrin lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Emine ti jáde. Mo bá a ní ìta, nínú ọgbà tí a ń páàkì ọkọ̀ sí. Ó bi mí ní Italian bóyá wọn ò mọ̀ ni.

Mo ní wọ́n mọ̀.

Ohun tí wọn ò jẹ́ kí n fi ẹnu sọ, mo fi ọwọ́ kọ ọ́ síbí. Bí Màmá ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi nìyí:

Kó ẹrù rẹ, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.
Ife tí o fi ń mu tíì, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti gbé e fún àlejò.
Mi ò ní í gégùn-ún fún ọ.
Kí ẹni tí o lọ bá fẹ́ ọ bí o ṣe fẹ́ mi, ó tó.
Bí wọ́n bá bi mí léèrè rẹ,
màá ní òjò kan rọ̀ níbí rí, ilẹ̀ ti gbẹ.
Lọ́jọ́ tí mo bá kú, má wá sídìí pósí mi.
Ẹkún tí o kò sun nígbà tí mo ń ṣílẹ̀kùn fún ọ,
má wá sun ún sí mi lórí nígbà tí mo ti tì í.

Ẹ tún ẹsẹ ìkẹyìn yẹn kà, kí ẹ wá rántí ẹni tó gbé ọwọ́ lé pósí. Ẹsẹ yẹn ni Màmá máa ń rọra kọ jù. Mo bi wọ́n rí bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó ti dùn mí tán. Mò ń sọ ọ́ ni."

Mo gbọ́ pé ìsìn ìrántí ọdún kan ń bọ̀, pé orin náà tún wà nínú ètò. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Mo fẹ́ ìdáhùn, lọ́wọ́ olúkúlùkù yín, kí ọjọ́ náà tó pé.

Pásítọ̀, ẹ sọ fún mi: ta ló fún yín láṣẹ láti mú obìnrin tó kọ ọkọ rẹ̀ níṣojú yín, nínú pálọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ tún un so mọ́ ọkọ náà nígbà tí kò lè dá yín lóhùn mọ́? Ìjókòó tó ṣófo yẹn, ta ni ẹ pa á mọ́ dè tí Emine kò fi lè jókòó síbẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ ní ẹ ti gbọ́. Kí ni ẹ gbọ́?

Mọ́mì mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú treno náà. Mo mọ̀ pé bàbá yín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fa aṣọ mi, ta ni ẹ̀ ń dáàbò bò?

Àti ẹ̀yin, Bàbá Torino. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nínú gbogbo ẹ̀yin tí mò ń kọ̀wé sí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ ohun tí orin yẹn ń sọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín, èmi náà ò sì ráyè bá yín sọ ọ́. Ní báyìí, ẹ ti mọ̀. Bí wọ́n bá kọ orin yẹn lọ́jọ́ ìrántí, tí wọ́n sì ní kí ẹ dìde, Bàbá, ṣé ẹ máa jó o?